Ọkọ̀ tó yọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ló mú wa mú gègé, àmọ́ àṣìgbọ́ tó ń fà kò kéré. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ pé ọkọ̀ kan 'skidded off the road', ìyẹn ni pé ó yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, tó bá fi máa di ìròyìn Yorùbá, ohun tí à ń gbọ́ ni pé ìjánu ọkọ̀ náà daṣẹ́ sílẹ̀. Ìyẹn kọ́ ni wọ́n kọ. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ.

Bí bíréèkì bá já, awakọ̀ á tẹ̀ ẹ́, yóò rì wọlẹ̀, táyà á ṣì máa yí lọ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bí ọkọ̀ bá 'skid', táyà lè má yí mọ́ rárá. Bíréèkì ti dì í mú pinpin, síbẹ̀ ọkọ̀ ò dúró, nítorí pé rọ́bà ò rí ilẹ̀ dì mú. Á máa yọ̀ lọ lórí ọ̀dà bí ọṣẹ lórí àwo, awakọ̀ á máa yí ọwọ́ ọkọ̀, imú ọkọ̀ ò sì ní dá a lóhùn. Ohun tó fà á tí àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé fi ní ABS nìyẹn: iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tú bíréèkì sílẹ̀, kí ó tún máa mú un padà, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí táyà má baà kú sójú kan.

Ìtàn ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Kí mọ́tò tó dáyé, ohun èlò ni 'skid' lẹ́nu àwọn Òyìnbó. Bí kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, wọ́n á ki igi tàbí irin pẹlẹbẹ kan bọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kí ẹsẹ̀ náà má lè yí, kí ó máa wọ́ nílẹ̀, kí eré kẹ̀kẹ́ lè dínkù. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí kò yí, àmọ́ tó ń lọ: láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti di ohun tí wọ́n ń fi í pè lónìí. Bíréèkì tó mú jù ló wà nídìí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwa wá ń túmọ̀ rẹ̀ sí bíréèkì tí kò mú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn olùkọ́ èdè nìkan. Bí ìwé ìròyìn bá ní bíréèkì já, mẹkáníìkì àti ẹni tó ni ọkọ̀ ni gbogbo ojú yóò yí sí. Bí ó bá ní ọkọ̀ yọ̀, ìbéèrè á lọ sọ́dọ̀ táyà tó ti jẹ, eré àsápajúdé, omi ojú ọ̀nà, àti iléeṣẹ́ tó da ọ̀dà síbẹ̀. Iléeṣẹ́ adójútòfò ń ka ìròyìn. Agbẹjọ́rò náà ń kà á.

Ẹ wo òjò àkọ́rọ̀. Ọ́ìlì àti eruku ti ń kó jọ sójú títì láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó bá kọ́kọ́ rọ̀ á pò wọ́n pọ̀ di ohun tó ń yọ̀ ju ilá lọ. Òjò ńlá tó bá tẹ̀lé e á fọ̀ ọ́ dànù, ìyẹn ni ojú ọ̀nà ṣe ń burú ní ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́ ju bó ti ń burú lẹ́yìn wákàtí kan lọ. Omi tó bá wá dúró lójú títì ní ìṣòro tirẹ̀. Ìlà tí wọ́n fín sára táyà ni omi máa ń gbà sá kúrò lábẹ́ rẹ̀. Bí ìlà yẹn bá ti jẹ tán, omi ò ní ríbi lọ, á gbé táyà kúrò lórí ọ̀dà pátápátá. 'Aquaplane' ni wọ́n ń pè é ní Britain, 'hydroplane' ní Amẹ́ríkà. Ìṣirò kan wà tó ti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ NASA, àjọ tó ń rí sí ìmọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, wá, táyà ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi ṣe é: bí afẹ́fẹ́ inú táyà bá jẹ́ 36 psi, nǹkan bíi 100 kìlómítà ní wákàtí kan ni omi yóò gbé e, bó bá jẹ́ 25 psi, kò ju nǹkan bíi 83 lọ. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ni omi ń tètè gbé, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé rìnrìn àjò pé ó rọ̀ mọ́ ojú ọ̀nà. Òfin ilẹ̀ Britain ní jíjìn ìlà ara táyà kò gbọdọ̀ dín ní 1.6 mílímítà.

A ò ní kí ẹ máa ki Gẹ̀ẹ́sì bọ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Bó bá jẹ́ 'skid', ẹ kọ ọ́ pé táyà kò mú ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ yọ̀ lọ sínú igbó. Bó bá jẹ́ 'aquaplane', omi gbé ọkọ̀. Bó bá jẹ́ 'brake failure', bíréèkì já, tàbí ìjánu daṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kó dùn létí. Bí ìwé ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bá sì wí pé 'lost control', tí kò sọ ohun tó fà á, ẹ̀yin náà ẹ má sọ ọ́: apá awakọ̀ kò ká ọkọ̀ mọ́. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ méjì míì tó tún ń daamu àwọn atúmọ̀ èdè ni 'slip' àti 'slide'. Ìwé atúmọ̀ kéékèèké á fi 'yọ̀' síwájú méjèèjì, á sì kọjá lọ. Ohun tí 'slip' ń wò ni ìgbà tí nǹkan kúrò níbi tó ti dúró: kì í pẹ́, bó bá sì jẹ́ ti ẹsẹ̀, ẹni náà kì í mọ̀ọ́mọ̀. Ohun tí 'slide' ń wò ni ìrìn tó tẹ̀lé e: ara nǹkan náà ò kúrò lára ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ló ń tì í. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi lè 'slip' lórí àtẹ̀gùn kó tó 'slide' dé ìsàlẹ̀. Lédè tiwa, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó fi ìdí wọ́ dé ìsàlẹ̀. Ọmọ tó ń ṣeré lórí irin gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nínú ọgbà ìṣeré kò yọ̀ rárá. Ó ń fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀ ni, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti ń pa èèyàn lára ni kóòtù. Ẹni tó 'slid' àpò ìwé sí ọ̀gá lórí tábìlì, ó tì í sí i ni, gbogbo ará yàrá ló rí i. Ẹni tó 'slipped' àpò ìwé sí ọ̀gá lọ́wọ́, ó yọ́ ọ fún un ni, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Bí akọ̀ròyìn kóòtù bá pa méjèèjì pọ̀, ẹ̀sùn rìbá ti yí padà.

Ẹ kíyè sí àmì orí 'yọ́' tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ yẹn. Ohùn òkè ni, kì í ṣe ohùn ìsàlẹ̀. Nígbà tí Òyìnbó bá ní ẹnì kan 'slipped out of the meeting', kò sí ẹsẹ̀ tó yọ̀ níbẹ̀; ó yọ́ jáde ni, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ wá wo àkọlé ìròyìn tí kò ní àmì: "Alaga yo nibi ipade." Ṣé ó yọ́ kúrò ni? Ṣé ó yọ̀ ṣubú? Àbí ó yọ lójijì níbi tí wọn ò ti retí rẹ̀? Kò tíì kan èyí tí wọ́n yọ nípò. Ìwé ìròyìn tó bá ń fi àmì ohùn ṣeré kò yẹ kó fọwọ́ kan ìdílé ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Àwọn ibi kan tilẹ̀ wà tí 'slip' ò ní fẹ́ 'yọ̀' tàbí 'yọ́'. Fóònù tó 'slipped' lọ́wọ́ èèyàn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tó 'slipped my mind' fò mí ni. Ẹni tó bá 'let slip' àṣírí, ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni. 'Slip' tí àwọn obìnrin ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ, yẹ̀rì ni, èyí tí bàbá ń gbà lóṣù, ìwé owó oṣù ni. Fún àwọn èèyàn wa tó ń wakọ̀ ní London àti Manchester, 'slip road' kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ilẹ̀ tó ń yọ̀. Ọ̀nà àgbàwọlé tàbí àgbàjáde òpópónà márosẹ̀ ni. Àmì ilẹ̀ tó ń yọ̀ ni ti onígun mẹ́ta pupa tó ní àwòrán ọkọ̀ àti ipa táyà wọ́gọwọ̀gọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ilé ìwòsàn ló wá le jù. 'Slipped disc' ni wọ́n ń sọ, ohun tí a sì ń kà lójú ìwé ìlera ni pé eegun ẹ̀yìn yọ̀. Kò sí eegun tó yọ̀. Láàárín àwọn eegun ọ̀pá ẹ̀yìn ni ìrọ̀rí pẹlẹbẹ 23 wà tó ń gba ìwúwo ara. Òde ìrọ̀rí náà yi, inú rẹ̀ rọ̀. Bí ara òde bá ya, ti inú á yọ síta, á sì máa tẹ iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀. Ìrora náà á ti ìdí ṣàn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló ti wọ́pọ̀ jù. Yọ síta, ohùn àárín. Ohùn kan péré ló wà láàárín òótọ́ àti irọ́ níbí yìí. Ẹni tó bá gbọ́ pé eegun òun yọ̀ á rò pé ó yẹ̀ bí eegun ọrùn ọwọ́ ṣe ń yẹ̀, á wá ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ padà sáyè rẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ padà, títẹ̀ sì lè ṣe é léṣe. Àwọn tó pọ̀ jù ló ń gbádùn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìṣe iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn ò bá lè kápá ìtọ̀ mọ́, tàbí tí ìdí àti abẹ́ rẹ̀ kò mọ nǹkan lára mọ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Britain náà ń bá ìdílé ọ̀rọ̀ yìí pàdé lórí fọ́ọ̀mù. Bí arúgbó bá ṣubú, fọ́ọ̀mù á béèrè bóyá 'slip' ni tàbí 'trip'. Má kàn kọ pé 'he fell'. 'Slip' ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, gìgísẹ̀ kan ilẹ̀ àmọ́ kò mú un. 'Trip' ni pé ó kọsẹ̀, ẹsẹ̀ gbá nǹkan. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, omi, ọṣẹ, táìlì àti ìsàlẹ̀ bàtà ni wọ́n máa wò. Bó bá jẹ́ ti èkejì, etí kápẹ́ẹ̀tì tó ká sókè, wáyà tó nà gbalaja àti iná tí kò mọ́lẹ̀ tó. Èsì tí kò tọ́ á jẹ́ kí wọ́n lọ pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì nígbà tó jẹ́ pé páìpù ló ń jò. Wọ́n tilẹ̀ ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn bí ilẹ̀ ṣe ń yọ̀ tó: apá kan tó ń fì, tí wọ́n de rọ́bà mọ́ lẹ́nu bíi gìgísẹ̀ bàtà, tó ń ha ilẹ̀ kọjá. HSE, àjọ tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, gbà pé bí òǹkà rẹ̀ bá tó 36, ewu ilẹ̀ náà kéré. Láti 25 sí 35 ó wà láàárín. Tí kò bá tó 25, ewu ńlá ni. Omi ni wọ́n ń dà sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n bó bá jẹ́ ibi tó máa ń tutù, torí pé táìlì gbígbẹ kì í sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀.

Lójú ìwé ọrọ̀ ajé, ìwọ̀n ni àwọn ọ̀rọ̀ yìí ń sọ. Owó tó 'slips' rẹlẹ̀ díẹ̀. Èyí tó 'slides' ń rẹlẹ̀ lọ, ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Èyí tó 'slumps' já wálẹ̀ wàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ mọ́ pé "náírà yọ̀". Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé ayọ̀ ni náírà ń yọ̀, bẹ́ẹ̀ náírà ò tíì rí ohun tí yóò yọ̀ sí.

Àwọn kan á ní ṣebí èdè wa ni kò lọ́rọ̀ tó. Irọ́ ni. Ejò ń wọ́. Ìgbín ń fà, kí ìkarahun tó tẹ̀lé e. Àwòdì na ìyẹ́ sílẹ̀, kò jù ú, ó ń rà bàbà lókè. Ọkọ̀ ojú omi ń lọ geere. Ilá àti ewédú ń yọ̀ lọ́nà tí 'slippery' kò lè sọ. 'Slimy' ni Gẹ̀ẹ́sì á sọ, ó sì ń mú oúnjẹ gidi dà bí ohun ìríra. Ẹni tó ń lọ ni èdè wa ń wò kó tó sọ bó ṣe ń lọ. Leonard Talmy, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé pé irú èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń kó bí nǹkan ṣe ń rìn sínú ọ̀rọ̀-ìṣe, á wá fi ọ̀nà tó gbà sí ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀lé e: 'off', 'out', 'down'. Yorùbá ń to ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀léra, kálukú á gbé ẹrù tirẹ̀: yọ̀ ṣubú, yọ́ jáde, wọ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀rọ̀ kan kò lè ṣiṣẹ́ láéláé. 'The snake slithered under the door' gba ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, kò sì sí èyí tó jẹ́ àṣerégèé nínú wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́n wa lóòótọ́ ni orí yìnyín, a ò sì lè ṣe bí ẹni pé kò kàn wá. Ní oṣù kejì ọdún 2018, ní PyeongChang ní Kòríà Gúúsù, Seun Adigun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga gbé orúkọ Nàìjíríà lọ sí eré 'bobsled' (ọkọ̀ tí wọ́n ń fi sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí yìnyín), ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà nínú eré náà ní Olympics. Simidele Adeagbo sì sá 'skeleton'. Àwọn eléré yìí ń pe ara wọn ní 'sliders'. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé "àwọn tó ń yọ̀", ẹ ti sọ wọ́n di ẹni tó ṣubú kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Wọn ò yọ̀. Nínú 'bobsled' elẹ́ni méjì, wọ́n á ti ọkọ̀ náà sáré fún nǹkan bí àádọ́ta mítà, wọ́n á fò sínú rẹ̀, ọ̀kan á máa tọ́ ọ, èkejì á mú bíréèkì lẹ́yìn ìlà òpin. Nínú 'skeleton', ẹnì kan á dojú bolẹ̀ lórí pákó irin kékeré, orí ni yóò ṣíwájú. 'Luge' ni ti ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀, tí ẹsẹ̀ ṣíwájú. A dábàá asáré-orí-yìnyín fún gbogbo wọn, kí a sì fi orúkọ eré kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó bá túmọ̀ 'skeleton' sí eré eegun, àwọn tí kò rí àmì ohùn á jáde síta wá wo eégún.

Ó ku ojú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ yín. 'Slided' kò sí: 'slide', 'slid', 'slid' ni, d kan ṣoṣo ni yóò sì wà nínú 'sliding'. 'Skidded' ní d méjì, 'slipped' ní p méjì, 'glided' kò ní ju d kan lọ lẹ́yìn i. 'Slink', tí í ṣe ti ẹni tó ń yọ́ lọ pẹ̀lú ìtìjú, ń di 'slunk'. Ẹ bá wa fi ti ohùn ẹnu kún un, torí i kan ṣoṣo ni èdè wa ní, tí Gẹ̀ẹ́sì sì ní méjì: 'slip' kúrú, 'sleep' gùn. Bí olùkọ́ kò bá jẹ́ kí ọmọ fi etí gbọ́ ìyàtọ̀ náà, 'slipped' àti 'slept' á di ọ̀kan náà nínú ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ọlọ́dẹ tó yọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ìtọ́jú ló tọ́ sí i. Èyí tó sùn, ìwé ìyọníṣẹ́ ni.

Àwa atúmọ̀ èdè kan,
Ìbàdàn